Àwọn Mẹ́ta Tó Ṣáájú Mbambu

"Mbambu, àwọn mẹ́ta tó ṣáájú rẹ ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì Kyakimwa ló bi í. Ó bi í bí ìgbà tí èèyàn ń kí ẹni tó bá pàdé lójú ọ̀nà odò lásán, ó ń fi ọwọ́ kan tẹ iṣan apá rẹ̀ wò, ó sì ń fi ọwọ́ kejì wá rọ́bà tí yóò fi so ó. Mbambu jókòó sórí àga gíga tó wà ní yàrá ìfàjẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tólẹ̀. Ó gbọ́ ìbéèrè náà yékéyéké, ìdáhùn sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti bí ogún ọdún.

"Wọ́n wà, Sísítà. Wọ́n lọ́kọ sí ọ̀nà Kóńgò."

"Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Ara wọn le?"

"Ó le koko. Wọ́n ń bímọ."

Nọ́ọ̀sì mi orí, ó rí rọ́bà rẹ̀, ó so ó mọ́ ọn lápá. Ithungu dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi èjìká ti férémù ilẹ̀kùn, ó ń wo abẹ́rẹ́ bó ṣe ń wọlé sára ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ náà fún.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ní ẹsẹ̀ òkè Ruwẹnsóri, orúkọ kì í fi nǹkan kan pa mọ́. Ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí obìnrin bá bí, Masika ni. Èkejì ni Biira, ẹ̀kẹta ni Kabugho, ẹ̀kẹrin ni Mbambu, ẹ̀karùn-ún ni Ithungu, Kyakimwa ló tẹ̀lé e. Àwọn ọkùnrin náà ní tiwọn lọ́tọ̀. A kì í fo ọ̀kan. Ọmọ tó bá kú kì í fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò, ipò rẹ̀ ni yóò wà títí. Nítorí náà, bí o bá wọ agbo ilé kan, tí o bá Mbambu níbẹ̀, tí o kò sì rí ọmọbìnrin kankan tó jù ú lọ, o ti mọ ohun tó wà lábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé kí ẹnikẹ́ni tó fún ọ ní omi mu.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé bàbá Mbambu ṣe rí. Masika àti Biira ti lọ kó tó dé ayé. Kabugho nìkan ló mọ̀, kò sì mọ̀ ọ́n tó bó ṣe fẹ́. Ó rántí ẹyinjú rẹ̀ tó pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n, ó rántí ìka ọwọ́ rẹ̀ tó wú, ó rántí bí bàbá wọn ṣe máa ń pọ̀n ọ́n kiri àgbàlá bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ tó ti tó rìn, torí pé ilẹ̀ ń gún un lẹ́sẹ̀. Àrùn fòníkúfọ̀ladìde ni. A mọ orúkọ rẹ̀ nísinsìnyí. Nígbà náà, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹnì kan nínú ẹbí ló ń jókòó sínú òkùnkùn tó ń fọ́ eegun àwọn ọmọ náà bí ẹni ń fọ́ igi ìdáná. Lẹ́yìn tí Kabugho náà lọ, ìyá wọn kò sọ̀rọ̀ nípa wọn mọ́. Àmọ́ bó bá fẹ́ pe ọmọ tó kù fún un, ahọ́n rẹ̀ á kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ àwọn yòókù kọjá: "Masika— Biira— Kabu— ìwọ Mbambu! Ṣé o ò gbọ́ ni?" Mbambu kì í dáhùn títí yóò fi kan tirẹ̀.

Nígbà tó tó ọkọ fẹ́, àwọn kan wá láti Kisinga. Ọmọlúàbí ni wọ́n, ọmọkùnrin wọn ní oko kọfí. Àbúrò bàbá ọmọkùnrin náà obìnrin, ìyá kan tó sanra, tó ń rẹ́rìn-ín, ló bèèrè lójú gbogbo èèyàn pé, "Àwọn mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́, ká lè kí wọn?" Ìyá Mbambu kò mọ irọ́ pa nígbà náà. Ó wí fún wọn. Àwọn ará Kisinga mu ọtí wọn tán pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ padà kò gùn: àwọn kò fẹ́ aya láti ilé tó ń sin ọmọ.

Ọjọ́ yẹn ni ìyá rẹ̀ fà á wọ inú ilé ìdáná, ó sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò máa sọ. "Wọ́n wà. Wọ́n lọ́kọ sí Kóńgò. Má fi kún un, má yọ kúrò. Kóńgò jìnnà tó tí ẹnikẹ́ni ò fi ní lọ wò ó, ó sì sún mọ́ tó tí wọ́n á fi gbà á gbọ́." Àwọn ará ilé Bwambale wá láti Katwe, níbi adágún iyọ̀, wọ́n bèèrè, ìyá rẹ̀ dá wọn lóhùn láìṣẹ́jú, wọ́n sì fẹ́ ẹ. Ó bí ọkùnrin mẹ́ta, Baluku ni àkọ́bí. Àwọn ọmọ tó le bí òkúta ni gbogbo wọn, wọ́n ń jà, wọ́n ń gun igi, wọ́n ń jẹun bí ẹni pé wọ́n gbé iṣẹ́ fún wọn láti bá ìyàn jà. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà, Mbambu ń rò nínú ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Ó ti fo òun.

Ní Katwe, olúkúlùkù ló ní kòtò iyọ̀ tirẹ̀ létí adágún. Wọn a fi ẹrẹ̀ mọ ọ́n ní ìbàdí, bí ògiri kékeré tó yí i ká, wọn a bu omi adágún sínú rẹ̀, oòrùn á sì fa omi náà títí iyọ̀ yóò fi dì lójú rẹ̀. Kòtò Ithungu ló kángun sí ti Mbambu. Ìyá kan náà bí Ithungu àti ẹ̀gbọ́n mẹ́rin, gbogbo wọn ló wà láyé, gbogbo wọn ló sì máa ń pariwo. Òun náà ń pariwo. Bí kòtò ẹnì kan bá gbẹ kí iyọ̀ rẹ̀ tó pé, ẹni tó bá a pààlà á bu omi iyọ̀ fún un láti inú tirẹ̀, ẹni tó gbà á á sì dá a padà, kí iyọ̀ inú rẹ̀ le bíi ti èyí tó gbà. A kì í fi omi lásán san omi iyọ̀.

Ìgbà tí Mbambu bí ọmọ rẹ̀ ìkẹyìn, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Kẹ̀kẹ́ ẹrù iyọ̀ ni wọ́n fi tì í dé ojú títì. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ gbogbo ẹni tó tẹ̀lé e wò, ti Ithungu ló bá tirẹ̀ mu. Ithungu na apá rẹ̀ láìbéèrè ohun kankan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló sì gbé Mbambu dìde. Nígbà tó wá kí i ní ọjọ́ kejì, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó ti tán fún ẹ o, Ìyá Baluku. Láti òní lọ, bí o bá bínú sí mi, ẹ̀jẹ̀ mi lo fi ń bínú."

"Mo jẹ ọ́ ní gbèsè, Ithungu."

"O jẹ mí, kí ni mo fẹ́ sọ? Má tíì san án. Ọjọ́ tí kòtò tèmi bá gbẹ, wàá bu tìẹ sí i."

Ithungu ti bí àwọn ọmọkùnrin kó tó bí Muhindo, ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọ tó bá yí padà lẹ́yìn ọ̀wọ́ ọkùnrin tàbí ọ̀wọ́ obìnrin ni à ń sọ ní orúkọ yẹn, àyànfẹ́ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì máa ń jẹ́. Kò tíì pé ọdún kan tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Mbambu rí ìka náà lọ́jọ́ tí Ithungu gbé e wá sí etí kòtò, ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ó sì gbójú kúrò. Ilé ìwòsàn ló sọ orúkọ àrùn náà fún Ithungu. Mbambu kò sọ nǹkan kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló mọ bí a ṣe ń pọn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí ara kò fi ní ro ó, òun náà ló sì máa ń pọ̀n ọ́n. Ithungu rò pé ọwọ́ rẹ̀ ló kàn dẹ̀.

Muhindo dàgbà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ mú. Bí ara bá ń ro ó, á dákẹ́. Bí kò bá ro ó, gbogbo etí adágún ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó máa ń jókòó sáàárín kòtò méjèèjì, á máa bá wọn lé ẹyẹ, á sì máa bú àwọn méjèèjì bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Màmá Baluku, ẹ ti tún gbàgbé pé ẹ fi bàtà wọ inú iyọ̀. Ẹsẹ̀ yín làwọn èèyàn á máa jẹ lọ́bẹ̀."

"Wá fi tìẹ wọ̀ ọ́, ká mọ ti ta ló dùn jù."

"Tèmi kéré. Wọn ò ní yó."

Ní àsìkò òjò tó kọjá, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í rí iyọ̀ kó, ibà mú un, ẹ̀jẹ̀ sì tán lára rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun. Kule, awakọ̀ tó ń kó ẹja láti Katwe lọ sí àwọn ọjà òkè, ló gbé wọn. Ó tì wọ́n síwájú mọ́tò, ó gbé Muhindo lé orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ẹja ń rùn lẹ́yìn wọn, Mbambu sì há sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà. Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní ọmọ náà nílò ẹ̀jẹ̀, àpótí ẹ̀jẹ̀ àwọn sì ti ṣófo.

Wọ́n ti sọ fún Ithungu àti ọkọ rẹ̀ tipẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì kò dára fún Muhindo. Ithungu gbà pé èèwọ̀ ni, pé ẹ̀jẹ̀ òbí kì í padà sára ọmọ. Kò sí ẹni tó jókòó tì í ṣàlàyé ju ìyẹn lọ, tàbí kẹ̀ wọ́n ṣàlàyé nígbà tí ọmọ ń ké, tí etí rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó yíjú sí Mbambu ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sunkún.

"Kòtò mi gbẹ," ló wí.

Mbambu dìde.

Wọ́n gún òun àti Kule níka, wọ́n kán an sórí àwo funfun, ti àwọn méjèèjì bá ti Muhindo mu. Nọ́ọ̀sì Kyakimwa ló ni yàrá ìfàjẹ̀. Àgbà obìnrin ni, gbogbo ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ ló ti gbó mọ́ ọn lára. Kì í bi èèyàn bóyá àrùn náà wà ní ìdílé rẹ̀, torí pé kò tíì rí ẹni tó sọ pé ó wà. Orúkọ ló fi ń wádìí. Á bi ọ́ léèrè àwọn tó ṣáájú rẹ, bí ẹni ń ṣe eré, ohun tó bá sì gbọ́ níbẹ̀ á sọ ohun tó yẹ kó mọ̀ fún un. Kule ló kọ́kọ́ kàn.

"Kule, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ṣáájú rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ń jẹun nílé mi, Sísítà. Bí ẹ bá ní oògùn tó ń lé ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní ìgò kan."

"Èmi gan-an ń wá a. Márùn-ún ni tèmi." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí Mbambu, ó bi í ní ìbéèrè tí mo ti sọ.

Ẹni tó bá fẹ́ dá Mbambu lẹ́jọ́, kó kọ́kọ́ jókòó sórí àga yẹn. Ìbéèrè kan náà ni. Ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn ẹ̀rín kan náà bíi ti ìyá sísanra ará Kisinga. Ohun tó sì wá sí i lọ́kàn ni pé bí òun bá sọ òtítọ́, obìnrin yìí yóò tú rọ́bà náà, yóò ní kí òun sọ̀ kalẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ilé tó ń sin ọmọ kò gbọ́dọ̀ wọ ara ọmọ ẹni ẹlẹ́ni, Ithungu yóò sì gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, ẹni tí òun kò sọ fún rí. Gbèsè tí òun jẹ kò ní ṣeé san. Nítorí kó lè san án ló ṣe pa irọ́ náà.

Nígbà tí àpò ẹ̀jẹ̀ kún, nọ́ọ̀sì wo Kule. "Ọ̀kan ti tó fún ọmọ náà báyìí. Fi tìẹ pa mọ́ sára. Bí ẹja rẹ bá bàjẹ́, èmi kọ́ ni wàá pè lẹ́jọ́." Kule dúpẹ́, ó fi ìka fa Muhindo létí, ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ.

Mbambu padà sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, owú ṣì wà ní ìgúnpá rẹ̀. Muhindo lajú díẹ̀.

"Màmá Baluku, ṣé ẹ̀jẹ̀ yín ò níyọ̀ jù?"

"Ó dùn ún jẹ. Sinmi."

"Bí mo bá gbà á, ṣé màá bẹ̀rẹ̀ sí í han-run bíi yín?"

"Wàá han-run, wàá sì sanra, wàá tún ní ìwà tó dáa."

"Áà," ni Muhindo wí, ojú rẹ̀ ti ń padé. "Ìyẹn ti pọ̀ jù."

Ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilé ìwòsàn yẹn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé wọn kò bìkítà. Oògùn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún àrùn náà ṣọ̀wọ́n, nítorí náà kì í ṣe gbogbo àpò ni wọ́n ń lò ó fún. Àpò tó bá ń lọ sára irú ọmọ bíi Muhindo nìkan ni wọ́n ń lò ó fún, lẹ́yìn gbogbo àyẹ̀wò yòókù, kí wọ́n tó gbé e kọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu Mbambu ni nọ́ọ̀sì fi ti àpò náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó kọ orúkọ Muhindo sí i lára. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà ló fi jẹ́ kí Kule lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin tó wà ní yàrá àyẹ̀wò jáde, ó bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ létí. Nọ́ọ̀sì wá bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú ilẹ̀kùn iyàrá tí àwọn obìnrin dùbúlẹ̀ sí. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Mbambu. Mo bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan lánàá."

Mbambu dìde lórí ìjókòó.

"Níbo làwọn mẹ́ta náà wà?"

"Wọ́n kú," ni Mbambu wí. Kò tíì sọ ọ́ rí láti ìgbà tó ti dáyé. "Kabugho ni mo mọ̀. Bíi Muhindo ló ṣe rí. Àwọn yòókù náà, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìdajì rẹ̀ wà lára rẹ, kò mú ọ rí, kò sì ní mú ọ láéláé. Bíi ti Ithungu yìí ni, bíi ti ọkọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ dára, ṣé o gbọ́ mi? Ó dára fún gbogbo ayé. Mo lè fún ẹni tí mọ́tò gbá, mo lè fún aboyún. Ọmọ tí odindi àrùn náà wà lára rẹ̀ nìkan ni n kò gbọ́dọ̀ fún. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ló ń ṣẹ́, mi ò lè gbé èyí tó ní ìdajì rẹ̀ lọ bá a." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ká ní o sọ fún mi lánàá, n kì bá tí lé ọ. Ǹ bá gba tìẹ fún ẹlòmíràn, ǹ bá sì gba ti Kule fún ọmọ yìí. Kò sí nǹkan kan tí ì bá ná ọ."

Láti inú iyàrá, wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan kígbe pe nọ́ọ̀sì. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní òwúrọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Ó tún jáde, ó wo Mbambu, ó ní, "Mo lè lò ó fún un?" Mbambu mi orí. Wọ́n pa orúkọ Muhindo rẹ́ lára àpò náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó bá ti obìnrin náà mu, wọ́n sì gbé e kọ́ fún un.

Wọ́n pe Kule lórí fóònù. Ó ti gun òkè lọ, fóònù kò wọlé. Nígbà tó wọlé, kò bèèrè ìdí. Ó fi ẹja rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá lẹ́bàá títì, ó yí mọ́tò padà. Òjò ti ya ojú ọ̀nà ní ibì kan, ó ní láti gba ọ̀nà oko òwú. Ó dé, ó fò sórí àga gíga yẹn láìbọ́ bàtà, ó ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ fà á, ẹ fà á, ẹ má bi mí nípa ẹ̀gbọ́n kankan."

Àpò náà ṣì gbóná lọ́wọ́ ọkùnrin aláyẹ̀wò nígbà tí Muhindo dá mímí dúró. Ìyá rẹ̀ ló gbé e mọ́ra. Ó ń fi ìka to irun rẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni fẹ́ dì í.

Nọ́ọ̀sì Kyakimwa wá jókòó ti Mbambu nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun àti aṣọ funfun rẹ̀. "Ẹ̀bi náà kì í ṣe tìẹ nìkan," ló wí. "Ó yẹ kí n sọ ìdí tí mo fi ń bèèrè. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń rò pé ọgbọ́n ni mo ń gbọ́n." Mbambu gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ràn án lọ́wọ́ rárá.

Nígbà ìsìnkú, ó lọ, nítorí pé a kì í ṣe àìlọ. Ó pọn omi, ó rokà gbágùúdá, ó fọ abọ́. Ithungu jókòó sórí ẹní, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí i ká. Oúnjẹ tí Mbambu gbé kalẹ̀ níwájú rẹ̀ tutù síbẹ̀. Bó ṣe tẹ̀ kó gbé abọ́ náà kúrò, ẹ̀gbọ́n Ithungu àgbà wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ wò ó o. Ẹni tó kó òkú rẹ̀ lọ fi pa mọ́ sí Kóńgò."

"Masika, ó tó," ni Ithungu wí, láìgbójú sókè. Ohun kan ṣoṣo tó sọ nìyẹn.

Nígbà tí Mbambu délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ó ń retí kí ó bínú. Bwambale ń tún igi ọkọ́ rẹ̀ ṣe, kò dáwọ́ dúró.

"Mo mọ̀," ló ní.

"O mọ kí ni?"

"Pé wọ́n kú. Bàbá mi mọ̀ kí a tó wá tọrọ rẹ. Ta ni ò mọ̀? A wọ inú ilé yín, a rí ìyá rẹ, a rí ìwọ nìkan. A bèèrè torí pé wọ́n ń bèèrè. Ìyá rẹ ní Kóńgò, bàbá mi ní ó dáa, Kóńgò ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ fún ọ pé o ń parọ́? Nínú ilé ara rẹ?" Ó gbé ọkọ́ náà sílẹ̀. "Mo rò pé o mọ̀ pé mo mọ̀."

Oòrùn padà, kòtò iyọ̀ ń pè. Ithungu kò wá. Òjò ti fọ́ ìbàdí kòtò rẹ̀ níhà adágún, bí a kò bá tún un ṣe, gbogbo rẹ̀ yóò ya lọ. Mbambu ń po ẹrẹ̀, ó ń mọ ọ́n padà lẹ́yìn tó bá parí tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ithungu wá, ó rí i pé ìbàdí kòtò òun dúró, ó rí àmì ọwọ́ tó wà lára ẹrẹ̀ náà. Ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi gbẹ níwájú àti lẹ́yìn wọn, wọ́n ń kí ara wọn ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ bí àlejò méjì.

Ní ọjọ́ ọjà kan, obìnrin kan wá sí ilé Mbambu láti Kyarumba, ní òkè lọ́hùn-ún. Ó gbé adìẹ sábẹ́ apá, ó pọn ọmọ ọwọ́, àwọn ọmọdé sì ń tẹ̀ lé e. Mbambu kò mọ̀ ọ́n.

"Ẹ ò lè mọ̀ mí," ni obìnrin náà wí. "Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì ń bá yín sọ, kí ojú mi tó ṣókùnkùn. Ẹ̀jẹ̀ yín ló wà lára mi. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ irú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé èmi kọ́ lẹ fẹ́ fún." Ó na adìẹ náà, kò mọ ibi tí ojú òun yóò wò. Ló bá kọjú sí àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti fọ́n ká sínú àgbàlá. "Ẹ wá kí Màmá! Masika! Biira— Kab— ìwọ Kabugho, fi ewúrẹ́ ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Wọ́n wá, wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tó dàgbà jù ló ṣáájú. Eruku wà lẹ́sẹ̀ wọn. Kabugho ní àpá ọgbẹ́ tuntun lórúnkún, ó sì sanra.

Mbambu jókòó sórí pẹpẹ ẹnu ọ̀nà. Kò béèrè orúkọ èyí tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Nígbà tí àwọn àlejò náà ti jẹun tí wọ́n sì ti lọ, ó gbé adìẹ náà, ó bá Ithungu létí kòtò.

"Kí nìyẹn?" ni Ithungu wí.

"Obìnrin tó bímọ ní ọjọ́ yẹn ló mú un wá. Òun àti ọmọ náà."

"Obìnrin ni ọmọ náà?"

"Obìnrin ni. Mbambu ni wọ́n ń pè é."

Ithungu ti ń fa iyọ̀ jọ. Ó dúró. "Àwọn mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Mo rí wọn. Wọ́n jẹun nílé mi." Mbambu ń wo ojú omi. "Tèmi kú, Ithungu. Masika, Biira, Kabugho. Mo rí ìka Muhindo lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ gbé e wá síbí, mo sì mọ̀. Ìwọ ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún."

"Èmi ni," ni Ithungu wí.

Adìẹ náà gbọn ìyẹ́ lábẹ́ apá Mbambu.

"Gba adìẹ yìí."

"Gbé e lọ sílé. Adìẹ kọ́ ni mo fún ọ."

"Kí ni kí n wá fi san án?"

Ithungu ronú sí i, tọkàntọkàn, bí ẹni tí wọ́n bèèrè iye ohun tó ń tà lọ́wọ́ rẹ̀. "N kò mọ̀," ló wí nígbà tó yá. "Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ." Ó tọ́ka sí kòtò rẹ̀, níbi tí ojú iyọ̀ ti ń sán. "Bu omi fún mi níbẹ̀ yẹn. Oòrùn ti mú jù."

Mbambu so adìẹ mọ́ èèkàn, ó bu omi iyọ̀ láti inú kòtò tirẹ̀ sínú ti Ithungu, títí ó fi tó. Omi yẹn, Ithungu dá a padà kí iyọ̀ ìgbà náà tó pé, ó le bí èyí tó gbà. Gbèsè ti ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe wà.